Gáàsì, bátìrì, sólà: kí la lè fi rọ́pò kpayo àti èédú gan-an?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní Nàìjíríà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò síbi téèyàn máa jókòó sí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ níbí tí wọn ò ní dá ọ̀rọ̀ epo sílẹ̀. Owó kpayo, ẹsáǹsì tí wọ́n ń kó gba ẹ̀yìn wọlé láti Nàìjíríà tá a ti fi ń ṣayé látọjọ́ pípẹ́, fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, zém, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, gbówó lé e, ẹni tó ń lọ ata gbówó lé e, ẹni tó ń kó gàrí bọ̀ láti Kétu náà gbówó lé e. Látìgbà yẹn lẹ ó ti máa gbọ́ ọ, ẹnì kan á ní gáàsì ló kù, ẹlòmíì á ní rárá o alùpùpù oníná ni, àbúrò kan á ní òun rí i lórí fóònù pé ní Nàìjíríà wọ́n ti ń fi gáàsì wa mọ́tò, kí ló dé táwa náà ò gbé bùtéèyì gáàsì inú ilé ìdáná sínú mọ́tò, ẹni tó kẹ́yìn á ní kí gbogbo wa lọ ra sólà ká sinmi. Òótọ́ wà nínú gbogbo ẹ̀ o, àmọ́ wọ́n ti da ọ̀rọ̀ ààrò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, wọ́n sì da oríṣi gáàsì mẹ́ta pọ̀ wọ́n ń pè é ní ọ̀kan, ibẹ̀ lorí ti ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Èrò tèmi ni pé ilé ìdáná ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yí padà, torí ibẹ̀ ni èéfín ti ń pa wá jù, ibẹ̀ náà sì ni ìyípadà ti rọrùn jù. Alùpùpù ló tẹ̀ lé e fún ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ láàárín ìgboro. Ní ti mọ́tò, kò tíì yá fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká tú gáàsì mẹ́ta yẹn sọ́tọ̀ ná. Gáàsì inú bùtéèyì tá à ń fi se oúnjẹ, butane ni, ara epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ohun tó dáa lára ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí ó ti di omi, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń mọ̀ ọ́n lára pé omi ń mì nínú bùtéèyì tẹ́ ẹ bá gbé e, tẹ́ ẹ bá wá ṣí i, omi yẹn á máa padà di gáàsì díẹ̀díẹ̀, òun lẹ ń tan iná sí. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ o, ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń rọ sínú mọ́tò ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní CNG. Methane lèyí ní tiẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ẹ́ lásán kó di omi lójú ooru tiwa níbí, torí náà kó tó lè pọ̀ tó ohun tó máa gbé mọ́tò rìn, wọ́n ní láti fún un pọ̀ dé 200 bar, ìyẹn lé ní ìlọ́po 80 ohun tó wà nínú táyà mọ́tò. Sìlíńdà tó lè gba irú ẹ̀ nípọn gan-an, ó sì ní ìwé ẹ̀rí tiẹ̀. Bùtéèyì ilé ìdáná ò lè gbà á láéláé, yóò fà ya. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín jó bùtéèyì pọ̀ kó di ti CNG, ẹ sá fún un, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Methane yìí kan náà ló wà nínú páìpù ńlá tó gba abẹ́ òkun kọjá lọ́dọ̀ wa, láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn títí dé Takoradi ní Gánà, 678 kìlómítà ni gígùn ẹ̀. Ó yà sí Kutọnu, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe iná mànàmáná, bíi ti Maria-Gléta, ló ń jẹ gáàsì ẹ̀. Kò sí èyí tó ń wọ ilé ẹnikẹ́ni láti fi se ọbẹ̀, torí náà tí wọ́n bá ní gáàsì Nàìjíríà ń bọ̀ nínú páìpù kí gáàsì bùtéèyì lè wálẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ yẹn, kò bára wọn tan.

Ẹ̀kẹta ni biogaz, èyí tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹran àti èèpo oúnjẹ. Methane náà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àmọ́ nǹkan míì dà pọ̀ mọ́ ọn. Màá dé ibẹ̀.

Ó yá, ilé ìdáná. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni pé àwọn ìyá wa ń sọ pé gáàsì ti wọ́n jù, èédú ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn ò sì parọ́, torí èédú lèèyàn lè ra ti ọgọ́rùn-ún fràǹkì, gáàsì ò ní irú ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa kó owó ńlá sílẹ̀. Àmọ́ owó tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ yẹn, ta ló ń kó o jọ kà? Ẹ jẹ́ ká kà á. Kílò gáàsì kan ní agbára tó tó ti kílò èédú kan àtààbọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́, nínú ooru tí gáàsì bá mú jáde, ó tó ìdá 50 sí 60 nínú 100 tó ń wọ inú ìkòkò gan-an. Àdògán èédú onírin lásán, bí ìdá 20 sí 25 ló ń wọ ìkòkò, ìyókù ń gbá ẹsẹ̀ àti ojú ẹni tó ń dáná. Ààrò oníkòkò mẹ́ta tá à ń ki igi bọ̀, ìdá 10 sí 15 péré. Tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, kílò gáàsì kan ń ṣe iṣẹ́ tí kílò èédú mẹ́ta sí mẹ́rin ń ṣe, tó bá jẹ́ igi ni, ó lè tó kílò 12.

Torí náà bùtéèyì kékeré oníkílò 6, ẹ kà á sí kílò èédú 18 sí 24. Ńlá oníkílò 12 àtààbọ̀, ó ń sún mọ́ 40 sí 50. Ẹ lọ sọ́jà Ouando tàbí ibi tẹ́ ẹ ti ń ra èédú, ẹ béèrè iye kílò tó wà nínú àpò kan, kì í ṣe iye àpò o, ẹ gbé e lé ìwọ̀n, torí àpò ti yàtọ̀ síra, àwọn mìíràn kàn fi koríko dí ẹnu ẹ̀ kó lè rí gàgàrà. Ẹ wá fi owó ẹ̀ wé owó àfirọ́pò bùtéèyì ládùúgbò yín. Ẹni tó ń ra èédú ní Àjàṣẹ́ á rí i pé gáàsì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju èédú lọ, lọ́pọ̀ ìgbà ó tiẹ̀ dín. Ẹni tó wà l'Ábúlé ní ìhà Kétu tó ń ṣẹ́ igi lóko ara ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, gáàsì ò lè borí ìyẹn lówó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ohun tó máa jèrè nínú gáàsì ni àkókò tó kù sí i lọ́wọ́, ẹ̀yìn tí kò ní máa ro ó mọ́, àti èéfín tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ ló ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò: bùtéèyì fúnra ẹ̀, détendeur (irin orí bùtéèyì tó ń dín agbára gáàsì kù), ọ̀pá rọ́bà, orí iná. Èyí gan-an ni mo fi gbà pé àjọ ló yẹ káwọn obìnrin fi ṣe é. Ẹ̀ ń dá àjọ fún aṣọ ìnáwó, ẹ̀ ń dá a fún ọjà, ẹ dá ti gáàsì náà, ẹni tó bá kàn lóṣù yìí ra tiẹ̀, lóṣù tó ń bọ̀ ó kan ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ èéfín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé lọ́dún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ló kú káàkiri ayé nítorí èéfín tó wà nínú ilé látara ohun tí wọ́n fi ń dáná. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn wà nínú wọn, àwọn ìyá tó ti ń wúkọ́ látọdúnmọ́dún tí wọ́n ń pè é ní ọ̀fìnkìn wà níbẹ̀. Èédú ò yọ èéfín tó pọ̀ bíi ti igi, ìyẹn ló ń tan èèyàn, ohun tó ń yọ ni gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé àdògán èédú wọ yàrá tẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn torí òtútù ọyẹ́, ó lè pa gbogbo ilé mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Igbó tún ń san owó tiẹ̀. Kí èèyàn tó rí kílò èédú kan lójú ebu tí wọ́n fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò, kílò igi 5 sí 7 ló ń lọ sí i. Bùtéèyì ńlá kan ṣoṣo, kílò igi bí 200 sí 350 ló ń gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣábẹ̀ lọ sí Tchaourou á rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, igi àyìn wà níbẹ̀, igi emi náà wà níbẹ̀, igi emi táwọn ìyá wa ń ṣà èso ẹ̀ ṣe òrí! Ó ń dùn mí.

Ìbẹ̀rù gáàsì ńkọ́? Wọ́n á ní á búgbàù. Mo gbà, gáàsì fẹ́ ìṣọ́ra. Àmọ́ èèyàn kan náà tó ń sá fún bùtéèyì, bídọ́ọ̀nù kpayo oníLítà 25 wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ìgò sì wà níwájú ilé níbi tẹ́nì kan ti ń mu sìgá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké gbiná, èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n ló bá a lọ. Bùtéèyì gáàsì ní fáàfù, irin ẹ̀ sì lágbára. Kpayo inú ìgò ò ní nǹkan kan tó ń dáàbò bò ó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ gáàsì rèé. Mo ní ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tó bá ń jò kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, á lọ sápamọ́ sínú kòtò, sábẹ́ àga, sídìí ògiri. Fèrèsé òkè nìkan ò tó, ó yẹ kí ilẹ̀kùn tàbí ihò wà nísàlẹ̀ tó lè gbà jáde. Ìta ló dáa jù kí bùtéèyì wà, ní òró, ní ibòòji, ẹ má tẹ́ ẹ sùn. Tẹ́ ẹ bá dé bùtéèyì tuntun, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi díẹ̀ nínú abọ́, ẹ fi kànrìnkàn bù ú kí ìfófòó ẹ̀ pọ̀, ẹ fi pa oríkèé ibi tí détendeur ti pàdé bùtéèyì, ẹ fi pa ọ̀pá rọ́bà láti òkè dé ilẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí gáàsì láìtan iná. Ẹ wò ó dáadáa. Níbi tí ìfófòó bá ti ń wú tó ń bẹ́, tó tún ń wú, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ tì í, ẹ tún un dé. Wọ́n ti fi òórùn burúkú kan sínú gáàsì náà mọ̀ọ́mọ̀, torí gáàsì fúnra ẹ̀ kì í rùn, tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn lóru, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan búrẹ́kà rárá, ẹ ti bùtéèyì, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ jáde. Ọ̀pá rọ́bà ní ọjọ́ lára, tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti kọjá ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n.

Kí wọ́n má fi gáàsì rẹ́ yín jẹ náà: lára bùtéèyì, nítòsí ọrùn ẹ̀, wọ́n kọ ìwúwo òfìfo ẹ̀ síbẹ̀, tare ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbé bùtéèyì tó kún lé ìwọ̀n, ẹ yọ iye tó wà lára yẹn kúrò, ohun tó kù ni gáàsì tẹ́ ẹ rà. Ẹni tó bá ń bínú torí pé ẹ gbé e lé ìwọ̀n, ẹ fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù táwọn ìyá máa ń sọ, wọ́n ní gáàsì ò ṣeé ro ọkà. Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ bùtéèyì kékeré tí orí iná wà lórí ẹ̀ tààrà, á máa mì, ó sì léwu. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe irin tó máa gbé ìkòkò, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, yí i ká, tàbí kẹ́ ẹ lo orí iná tó jókòó sílẹ̀. Kò sì sí òfin tó ní èédú gbọ́dọ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀wà tó máa jókòó sórí iná fún wákàtí mẹ́ta lè wà lórí foyer amélioré, àdògán tí wọ́n fi amọ̀ sí nínú tó ń dín èédú kù tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí omi gbígbóná, ẹyin, ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ ọmọ wà lórí gáàsì.

Biogaz wá. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó lọ sí Songhaï ní Ouando níbí, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ìgbẹ́ ẹran di gáàsì níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n á po ìgbẹ́ mọ́ omi, wọ́n á dà á sínú kòtò tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀ bí ìgbà tí koríko wà nínú ikùn màlúù, gáàsì á máa gun òkè, ohun tó bá kù nísàlẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ tó dáa púpọ̀ fún ewébẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ rèé: ìgbẹ́ tí màlúù kan ń yà lójúmọ́, tó bá tó kílò 10, gáàsì tí kò tó ìlàjì mítà onígun ló ń mú jáde. Ilé kan sì nílò nǹkan bíi mítà onígun kan àtààbọ̀ sí méjì lójúmọ́ láti fi se oúnjẹ. Màlúù mẹ́rin sí márùn-ún nìyẹn, tí wọ́n bá so wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn màlúù ìhà Kétu àti Ṣábẹ̀ ń jẹ̀ kiri látàárọ̀, ìgbẹ́ òru nìkan lèèyàn lè kó, torí náà iye yẹn á pọ̀ sí i. Fún ẹni tó ń gba yàrá kan ní Àjàṣẹ́, biogaz kì í ṣe tiẹ̀. Fún ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí tí èèpo gbágùúdá ń jẹrà lẹ́yìnkùlé tó ń rùn, tí wọ́n sì lè rí ìgbẹ́ ẹran dà mọ́ ọn, ohun tó yẹ kí wọ́n ronú sí ni, torí ohun tí wọ́n ń dà nù ni wọ́n máa fi yan gàrí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú ọ̀nà. Lọ́dún 2022 ni iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ M Auto nígbà yẹn, tó ti wá di Spiro, bẹ̀rẹ̀ sí í kó alùpùpù oníná wá sí Bẹ̀nẹ̀. Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí ni pé, iná SBEE, iléeṣẹ́ mànàmáná Bẹ̀nẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, báwo la ṣe máa gbà á sára alùpùpù? Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ zém oníná kì í gba iná nílé. Bátìrì ò jẹ́ tiwọn. Tó bá ti ń tán lọ, wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á ṣí abẹ́ ìjókòó, wọ́n á fa bátìrì náà jáde, ó wúwo díẹ̀, wọ́n á tì í bọ inú àpótí tó ń fún un níná, wọ́n á fa èyí tó ti kún jáde, wọ́n á kì í bọ ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, wọ́n á sanwó, ó parí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Kí ló dé tó fi ń dín owó kù? Lítà ẹsáǹsì kan ní agbára bíi kilowatt-heure 9 nínú, ẹyọ tí compteur SBEE ń kà náà nìyẹn. Alùpùpù zém máa ń mu bíi lítà méjì sí méjì àtààbọ̀ fún 100 kìlómítà, tó jẹ́ nǹkan bí ẹyọ 18 sí 22. Alùpùpù oníná máa ń jẹ ẹyọ 3 sí 4 fún ọ̀nà kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ gan-an, ibi tó ń lọ sì hàn gbangba: ẹ́ńjìnnì ẹsáǹsì ń sọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára epo di ooru lásán. Ooru yẹn náà ló ń jó wa lẹ́sẹ̀, ẹ wo ojúgun àwọn obìnrin tó máa ń gun zém, àpá ibi tí échappement, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ti jó wọn wà níbẹ̀. Alùpùpù oníná ò ní irú ẹ̀, kò ní échappement, kò ní bujì, kò sí pé à ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Àmọ́ o, ẹ má fi iye ẹyọ SBEE ka owó tẹ́ ẹ máa san ní ibùdó, torí iléeṣẹ́ ń fi owó bátìrì àti èrè wọn lé e. Bí ẹ ṣe máa kà á ni pé kẹ́ ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ìpààrọ̀ kan, kẹ́ ẹ wá bi zém tó ti ń lò ó, kì í ṣe ẹni tó ń tà á, pé kìlómítà mélòó ló ń rí nínú bátìrì kan tó bá gbé èrò méjì pẹ̀lú ẹrù. Ẹ pín owó náà sí iye kìlómítà yẹn, ẹ sọ ọ́ di ti 100. Ẹ wá ka owó lítà méjì àtààbọ̀ kpayo síwájú ẹ̀. Kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó, orí ọ̀nà títẹ́jú láìlẹ́rù ni wọ́n ti rí i, òkè àpáta Ṣábẹ̀ ò sí nínú ẹ̀.

Ibi tó ṣòro ni ibùdó. Láàárín Kutọnu àti Àjàṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, bí 100 kìlómítà ni, ẹ gba Sákétẹ́ àti Pobè, tí kò bá sí ibùdó lójú ọ̀nà yẹn ẹ ò lè gbà á lọ. Ẹni tó ń ná àwọn ọjà abúlé ní ìhà Kétu, kó dúró ná, kó máa lo tẹsáǹsì kó sì máa tún un ṣe dáadáa, kàbúrétọ̀ tó mọ́ àti táyà tó kún ń dín epo kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún ka ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i: iye tẹ́ ẹ máa san lójúmọ́, ìgbà tó máa parí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣàìsàn tẹ́ ò sì rí san, bóyá wọ́n lè pa alùpùpù yẹn láti ọ̀nà jíjìn, ta ló máa wá gbé e tó bá kú sójú ọ̀nà.

Àwọn kan á ní, ṣebí gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe iná SBEE, kí ló wá yàtọ̀? Ìyàtọ̀ wà. Ẹ̀rọ ńlá ń lo gáàsì dáadáa ju ẹ́ńjìnnì kékeré lọ, kì í sì yọ èéfín sójú ọmọ ilé ìwé tó dúró ní ìkóríta. Kì í sì ṣe gáàsì nìkan mọ́, lọ́dún 2022 wọ́n ṣí ilé sólà oní mégáwáàtì 25 ní ìhà OníGbólò, lágbègbè Pobè níhìn-ín, ọ̀dọ̀ àwa gan-an.

Mọ́tò ò gba àlàyé púpọ̀. CNG ní láti ní ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́, ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ tó bá yí mọ́tò ẹ̀ padà, ṣé á máa sọdá Ìgólò lọ rọ gáàsì ni? Butane náà ṣeé fi wa mọ́tò, GPL ni wọ́n ń pè é, àmọ́ táńkì tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, kì í ṣe bùtéèyì ìdáná tí wọ́n so mọ́ bóòtì, ẹ sì mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí mẹkáníìkì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Epo inú ewéko náà wà. Nígbà kan ariwo bọ̀tújẹ̀ gba gbogbo Áfíríkà, wọ́n ní ká gbìn ín, epo ẹ̀ á wa mọ́tò gasoil, ìyẹn dísù. Ó ń jó lóòótọ́, àmọ́ èso ẹ̀ ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe sọ, ilẹ̀ tó dáa ló ń fẹ́, ilẹ̀ tó sì dáa, àgbàdo la máa gbìn sí i. Tẹ́ ẹ bá da epo bẹ́ẹ̀ sínú gasoil láìtíì ṣe é, ó ki jù, á dí ẹnu injecteur, ihò kékeré tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, pa. Ti ọtí ńkọ́? Ní Ṣábẹ̀ tí iléeṣẹ́ ṣúgà wà, ohun tó ṣẹ́kù lára ìrèké ṣeé fi ṣe ọtí tó ń jó bí ẹsáǹsì, gbágùúdá náà ṣeé fi ṣe é. Àmọ́ lítà ọtí kan, agbára ẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta lítà ẹsáǹsì, tí wọ́n bá sì máa dà á pọ̀ mọ́ ẹsáǹsì, omi ò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sodabi, ògógóró tiwa, ò ṣe lè rọ́pò kpayo, nǹkan bí ìlàjì ẹ̀ omi ni, ẹ́ńjìnnì ò ní gbà á. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá lèyí, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ó wá ku sólà, ibi táwọn èèyàn ti ń sọ owó nù jù. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì kan, pẹ̀lú oòrùn wa tó ń mú gidi fún bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́, nǹkan bí 300 sí 350 wáàtì-wákàtí ló máa kù fún yín tí bátìrì àti wáyà bá ti jẹ tiwọn. Ìyẹn tó gílóòbù LED mẹ́rin láti ìrọ̀lẹ́ dé ìgbà tẹ́ ẹ máa sùn, fáànù kan fún wákàtí mẹ́rin, àti fóònù ilé. Ó dáa, ó dáa gan-an, kò sí ariwo gúrúpù, ìyẹn ẹ̀rọ amúnáwá, kò sí ẹsáǹsì. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ 1,000 wáàtì, ogún ìṣẹ́jú péré ló máa fi jẹ gbogbo oòrùn ọjọ́ yẹn tán. Torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì méjì dáná oúnjẹ, kò bá yín sọ òótọ́. Sólà fún ìmọ́lẹ̀ àti fáànù, gáàsì fún ìkòkò.

Bátìrì olójé, ìlàjì ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ lẹ lè lò, tẹ́ ẹ bá ń lò ó tán ó máa kú láìpẹ́. Lithium gbówó lórí, àmọ́ ẹ lè lo ìdá 80 nínú 100 ẹ̀, ó sì ń pẹ́. Ẹ jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́, nígbà ọyẹ́ kẹ́ ẹ fi omi nù ún láàárọ̀ kó tó gbóná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á lọ́jà, ẹ mú tépù ìwọn aṣọ dání, torí wọ́n ń lẹ ìwé 200 wáàtì mọ́ pánẹ́ẹ̀lì tí kò tó bẹ́ẹ̀. Mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, nǹkan bíi 200 sí 240 wáàtì ni èyí tó dáa jù lè mú jáde níbẹ̀. Tí èyí tí wọ́n gbé wá ò bá fẹ̀ tó ìlàjì ìyẹn tí wọ́n sì ní 200 wáàtì ni, ẹ dá a padà síbi tí wọ́n ti gbé e.